Ẹ Fi Deacon Hill Sílẹ̀, Ẹ Bi Bàbá àti Ọmọ

Wọ́n tún ti bẹ̀rẹ̀ o. Níbi ìkómọ lọ́jọ́ Sátidé, níbi tó yẹ ká ti máa jẹ ìrẹsì ká sì máa ṣàdúrà fún ìkókó, ẹ̀gbọ́n wa kan tó ti pẹ́ ní Iowa ju gbogbo wa lọ tún gbé ọ̀rọ̀ Hawkeyes, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ti yunifásítì Iowa, ti ọdún 2023 kalẹ̀. Wọ́n ní Deacon Hill ló ba offense yẹn (àwọn tó ń wá àmì) jẹ́. Wọ́n ní quarterback tí kò lè ju bọ́ọ̀lù bá ẹni tó dúró gbagidi níwájú rẹ̀, kí ni kóòṣì fẹ́ fi í ṣe? Gbogbo tábìlì ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Mo panu mọ́ nítorí àgbà ni wọ́n, ilé onílé sì ni a wà. Ibí ni mo ti máa sọ tèmi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wo bọ́ọ̀lù àwọn Amẹ́ríkà, ẹ mọ bí ọdún yẹn ṣe lọ. Cade McNamara, quarterback tí wọ́n gbà láti Michigan, fara pa ní orúnkún nínú eré Michigan State, ó parí fún un. Luke Lachey àti Erick All, àwọn tó ń gba bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá jù, náà fara pa. Hill, ọmọ tí wọ́n ní kó wà lẹ́yìn gẹ́gẹ́ bí adípò, ni wọ́n wá tì síwájú. Ó ju bọ́ọ̀lù burúkú lóòótọ́, mi ò ní parọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ṣé òun náà ló wà níbẹ̀ lọ́dún 2022?

Ní oṣù Kẹsàn-án 2022, Iowa na South Dakota State ní 7–3. Ẹ bá mi ṣí àmì méje yẹn wò. Field goal kan (wọ́n gbá bọ́ọ̀lù gba àárín òpó), mẹ́ta nìyẹn. Safety méjì (wọ́n mú ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù mọ́ ẹ̀yìn ìlà tirẹ̀), mẹ́rin nìyẹn, defense, àwọn tó ń dènà, ló sì wá a. Touchdown, kí wọ́n gbé bọ́ọ̀lù wọ òpin pápá àwọn ọ̀tá? Kò sí ọ̀kan. Tory Taylor, ọmọ Australia tó máa ń gbá punt (bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbá jìnnà fún àwọn ọ̀tá bí offense ò bá lè tẹ̀ síwájú), gbá bọ́ọ̀lù dànù lẹ́ẹ̀mẹwàá lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Nígbà tó di oṣù tó tẹ̀lé e, Illinois na wa ní 9–6. Spencer Petras ni quarterback wa lọ́dún náà, Hill ò tíì dé Iowa rárá. Quarterback yí padà, ebi touchdown ò yí padà. Brian Ferentz tó ń pe ohun tí wọ́n máa gbá náà ò yí padà. Ọmọ Kirk Ferentz ni, Kirk tó ti jẹ́ olórí kóòṣì níbẹ̀ láti 1999.

Wọ́n á ní Brian kì í jábọ̀ fún bàbá rẹ̀, Gary Barta tó jẹ́ ọ̀gá ẹ̀ka eré ìdárayá ló ń jábọ̀ fún. Lórí ìwé ni o! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣiṣẹ́ rí níbi tí ọmọ ọ̀gá wà, ẹ bá mi dá wọn lóhùn.

Lẹ́yìn ọdún 2022 yẹn, ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ṣe. Wọ́n gé owó Brian kù sí $850,000 (ẹ̀yin ará, irú ìyà yìí, kó máa jẹ mí lọ), wọ́n sì kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ máa gba àmì 25 nínú eré kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì borí lẹ́ẹ̀méje. Bí defense bá já bọ́ọ̀lù gbà tí wọ́n sì sá wọlé, wọ́n á kà á mọ́ àmì Brian! Fún eré mẹ́tàlá, àmì 325 nìyẹn. Látìgbà náà ni gbogbo Iowa ti ń ṣírò ní gbogbo Sátidé bí ẹni tó ń ka owó àjọ.

Ilé ẹ̀gbọ́n wa yìí kan náà la ti wo Minnesota lóṣù Kẹwàá 2023. Minnesota ń na wa ní 12–10, ó kù díẹ̀ kí eré parí, ni wọ́n bá gbá punt. Bọ́ọ̀lù náà ń ta kiri lẹ́bàá ìlà, Cooper DeJean, ọmọ ẹgbẹ́ wa, gbé e, ó yí bírí, ó sá a ní yáàdì 54 wọlé. Ariwo tá a pa, ìyàwó ẹ̀gbọ́n sáré jáde láti kíṣíìnì pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́, wọ́n rò pé ẹnì kan ti ṣubú ni. Kí wọ́n tó padà wọlé, adarí eré ti fagi lé e: wọ́n ní DeJean ju ọwọ́ òsì kí ó tó gbé bọ́ọ̀lù, pé ọwọ́ yẹn dà bí ẹni tó ní òun ò ní sáré. Títí di òní, ọwọ́ yẹn ni gbogbo èèyàn ń jà lé lórí. Èmi ò bá wọn jà á. Ní gbogbo ìdajì kejì eré yẹn, yáàdì 12 ni offense wa rí. Méjìlá! A ṣì ní bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ lẹ́yìn tí wọ́n fagi lé e, yáàdì díẹ̀ la nílò ká fi gbá field goal, a tún jù ú sọ́wọ́ Minnesota.

Lọ́jọ́ 30 oṣù yẹn, Beth Goetz tó dípò Barta kéde pé Brian ò ní padà wá lẹ́yìn sáà náà. Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe bàbá ló sọ ọ́. A parí sáà pẹ̀lú àmì 15.4 nínú eré kọ̀ọ̀kan. Michigan na wa ní 26–0 nínú àṣekágbá Big Ten, líìgì wa, Tennessee na wa ní 35–0 ní Citrus Bowl, eré tó parí sáà wa.

Ẹ̀gbọ́n wa máa ń ní, “Ṣebí a borí lẹ́ẹ̀mẹwàá?” Ó dáa, a borí. Ohun tí mo rò pé ó bà á jẹ́ gan-an nìyẹn. Bí Taylor bá ti gbá punt tó sì balẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà àwọn ọ̀tá, gbogbo èrò Kinnick, pápá wa, á dìde, wọ́n á máa pàtẹ́wọ́ fún un bí ẹni pé touchdown ni. Yáàdì 4,479 ló gbá lọ́dún yẹn, ó kọjá àkọsílẹ̀ tí ẹnì kankan ò tíì kọjá láti 1938. Defense ò jẹ́ kí ẹlòmíì gba àmì, punt ń tì wọ́n sẹ́yìn, field goal kan á sì tó wa. Kí ló fẹ́ mú Kirk tún offense ṣe?

Ibi tọ́rọ̀ ti wá ń dojú rú fún mi ni 2024. Tim Lester gba iṣẹ́ Brian, Kaleb Johnson sá touchdown 21, àmì 360 nínú eré mẹ́tàlá. Ká ní Brian ni, ó ti kọjá 325 dáadáa. Lẹ́ẹ̀mẹjọ la sì borí. Iowa State fi àmì kan nà wá, UCLA fi mẹ́ta, Missouri fi mẹ́ta. DeJean ti lọ sí Philadelphia, Taylor ti lọ sí Chicago.

Ẹ̀gbọ́n ti fi nọ́ńbà méjèèjì ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, mẹ́wàá àti mẹ́jọ, wọn ò kọ nǹkan kan sí i. Mi ò tíì fèsì. Ti 2024 dùn-ún wò jù, kò sí àní-àní. Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá ní kí n wá mú ọdún kan nínú méjèèjì, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rò ó ná.