Yíyí ọrùn gbàù kì í dá dísìkì padà

"Dísìkì rẹ̀ ló yẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bá a yí ọrùn yẹn, á wọlé padà." Ẹni tó bá jókòó pẹ́ díẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù bábà lágbègbè Ọláìyá ní Òṣogbo á gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí. Irọ́ ni o.

Eegun 7 ló wà lọ́rùn, dísìkì sì wà láàárín wọn, àfi láàárín méjì tó wà lókè pátápátá. Ẹ wò ó bíi mọ́ínmọ́ín eléwé: ìta le, inú rọ̀. Bí ewé bá ya, tinú á yọ, á sì tẹ iṣan ìmọ̀lára (nerve) tó ń lọ sí apá mọ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé apá ló máa ń ro àwọn mìíràn ju ọrùn gan-an lọ, tí àtàǹpàkò tàbí ìka àárín á kú tipiri. Ta ló fẹ́ ti mọ́ínmọ́ín yẹn padà sínú ewé tó ti ya? Ìró "kọ́" tí ẹ ń gbọ́, afẹ́fẹ́ inú oríkèé ni. Yíyí náà sì lè ya iṣan tó ń gbẹ́jẹ̀ lọ sí ọpọlọ, kó di àrùn rọpárọsẹ̀. Ó ṣọ̀wọ́n, àmọ́ ó ti ṣẹlẹ̀ rí.

Ara fúnra rẹ̀ ló máa ń jẹ ohun tó yọ yẹn díẹ̀díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń gbádùn láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí 12 láìfọwọ́ kan ọ̀bẹ. Oògùn ìrora wà (kí ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, ìyẹn ọ́lsà, má ṣe fọwọ́ ara rẹ̀ ra ibuprofen), físíò wà, abẹ́rẹ́ sítẹ́rọ́ọ̀dù náà wà. Kọ́là ọrùn, ọjọ́ díẹ̀ ni. Ẹni tó wọ̀ ọ́ fún oṣù mélòó kan, iṣan ọrùn rẹ̀ á dẹ̀.

X-ray tí wọ́n ń gbé kiri nínú láílọ́ọ̀nù kì í fi dísìkì hàn, MRI, ẹ̀rọ tó ń fi agbára mágnẹ́ẹ̀tì ya àwòrán inú ara, ló ń fi í hàn. MRI pàápàá, ọ̀pọ̀ ẹni tí nǹkan kan ò ṣe ni dísìkì wọn yọ díẹ̀ níbẹ̀.

Iṣẹ́ abẹ wá ńkọ́? Kì í ṣe gbogbo ẹni tí wọ́n ṣe é fún ló ń rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀, bí àwọn kan ṣe ń sọ. Iwájú ọrùn ni wọ́n sábà máa ń gbà yọ dísìkì náà, wọ́n á wá so eegun méjèèjì pọ̀ tàbí kí wọ́n fi dísìkì àtọwọ́dá rọ́pò rẹ̀.

Àmọ́ ẹni tí nǹkan ń já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí kò lè de bọ́tìnì mọ́, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e dáadáa, tàbí tí kò lè mú ìtọ̀ dúró, kò gbọ́dọ̀ dúró dọ̀la. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá bíi UNIOSUN Teaching Hospital lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ má yà sọ́dọ̀ ẹni tó ń to eegun lọ́nà.