Ẹ fi fọ́ọ̀mù owó orí yín ránṣẹ́, bí kò tiẹ̀ sí kọ́bọ̀ lápò

Bí oṣù kẹrin bá ti ń sún mọ́lé lọ́dọọdún, ìmọ̀ràn kan máa ń lọ láti etí dé etí láàárín àwa Yorùbá tó wà ní Amẹ́ríkà, pàápàá láàárín àwọn tó ń wa Uber àti Lyft, àti àwọn tó ń tọ́jú arúgbó fún ilé iṣẹ́ tí kì í yọ owó orí kúrò kó tó sanwó fún wọn. Ìmọ̀ràn náà ni pé: "Tí o bá ṣírò ẹ̀, tí o rí i pé o jẹ ìjọba lówó, tówó ọ̀hún ò sì sí ńlẹ̀, má fi fọ́ọ̀mù kankan ránṣẹ́ o. Fi sílẹ̀ dìgbà tówó bá dé. Ẹni tó bá fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ láìsanwó ti fẹnu ara ẹ̀ jẹ́wọ́."

Irọ́ ni, irọ́ tó sì ń jẹni lówó ni.

Ìtanràn tí IRS, iléeṣẹ́ owó orí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, ní, méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ọ̀kan wà fún ẹni tí kò fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ lásìkò, èkejì wà fún ẹni tí kò sanwó lásìkò. Ti fọ́ọ̀mù ló burú jù: ìdá 5 nínú 100 gbèsè náà lóṣooṣù, títí yóò fi dé ìdá 25. Ti àìsanwó ò ju ààbọ̀ ìdá kan nínú 100 lọ lóṣù. Bí méjèèjì bá wọ oṣù kan náà, wọ́n á yọ ààbọ̀ yẹn lára 5, kí àpapọ̀ wọn má baà kọjá 5. Bí oṣù bá sì ti wọlé lọ́jọ́ kan péré, odindi oṣù ni wọ́n kà á sí.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò rẹ̀. Ká ní ẹni méjì jẹ 4,000 dọ́là ẹnì kọ̀ọ̀kan, tí kò sì sí ohunkóhun lọ́wọ́ wọn ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin, tí í ṣe ọjọ́ ìkẹyìn. Ẹni àkọ́kọ́ fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù 1040 rẹ̀ (fọ́ọ̀mù owó orí ọdọọdún náà nìyẹn), ó fi ránṣẹ́ láìfi kọ́bọ̀ sí i. Ìtanràn tirẹ̀ jẹ́ 20 dọ́là lóṣù, ó di 100 dọ́là lẹ́yìn oṣù márùn-ún. Ẹnì kejì ti tirẹ̀ bọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Tirẹ̀ jẹ́ 200 dọ́là lóṣù, ó di 1,000 dọ́là láàárín oṣù márùn-ún kan náà. Gbèsè wọn dọ́gba, àpò àwọn méjèèjì ló gbẹ, èlé sì ń gun orí gbèsè àwọn méjèèjì. Àmọ́ 900 dọ́là ni ìtanràn ẹni tó sá pamọ́ fi ju ti ẹni àkọ́kọ́ lọ, nítorí àpòòwé kan tí kò fi ránṣẹ́.

Ẹni tí gbèsè rẹ̀ kéré gan-an ni mo máa ń káàánú jù. Bí fọ́ọ̀mù bá ti pẹ́ ju 60 ọjọ́ lọ, ìtanràn tó kéré jù ti lé ní 500 dọ́là báyìí, àfi bí gbèsè fúnra rẹ̀ ò bá tó bẹ́ẹ̀. Nígbà náà, iye gbèsè náà gan-an ni wọ́n á fi ṣe ìtanràn. Ẹni tó jẹ 300 dọ́là tó sì sá pamọ́ á padà san 600, èlé ò tíì sí níbẹ̀.

Mo fura pé láti ilé la ti gbé èrò yìí wá. Láyé owó orí àtijọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn, akódà máa ń dá èèyàn dúró lójú ọ̀nà pé kó mú rìsíìtì jáde. Ẹni tí kò bá ní in, àtìmọ́lé ló ń lọ, inú igbó sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbà. Ìyà owó orí wà lára ohun tó bí Àgbẹ́kọ̀yà ní 1968 sí 1969, títí ìjọba fi dín owó náà kù sí pọ́n-ùn méjì. Lásìkò yẹn, ọgbọ́n wà nínú ìsápamọ́, torí ta ló mọ iye tí àgbẹ̀ ń pa lóko? Ní Amẹ́ríkà, bí ilé iṣẹ́ ṣe ń fi W-2 (ìwé owó oṣù òṣìṣẹ́) tàbí 1099 (ti ẹni tí wọn kì í yọ owó orí rẹ̀) ránṣẹ́ sí yín ni ẹ̀dà rẹ̀ ń dé ọwọ́ IRS. Wọ́n ti mọ iye tó wọlé fún yín. Bí ẹ bá dákẹ́, wọ́n lè kọ fọ́ọ̀mù náà fúnra wọn lórúkọ yín, wọn ò sì ní bá yín yọ máìlì tí ẹ fi ọkọ̀ rìn. Awakọ̀ Uber mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí: owó tó ti bá epo lọ á di èrè lójú wọn.

Ní ti ẹ̀wọ̀n tí gbogbo èèyàn ń bẹ̀rù, kéèyàn má rówó san kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn. Kéèyàn mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀ láti fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́, ẹ̀ṣẹ̀ ni.

Irọ́ yìí tún ní àbúrò kan: pé ẹni tó bá ti gba àfikún àkókò pẹ̀lú fọ́ọ̀mù 4868 ti bọ́ títí di ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá. Fọ́ọ̀mù nìkan ni wọ́n sún ọjọ́ rẹ̀ síwájú. Ọjọ́ owó ò kúrò lójú kan.

Ẹni tó bá fẹ́ fi ti orí bébà ránṣẹ́, kó fọwọ́ sí i (tọkọtaya ni, bó bá jẹ́ ti àwọn méjèèjì), kó so W-2 mọ́ iwájú rẹ̀. Iye yòówù tó bá wà lọ́wọ́, ẹ fi sí i, ìbáà jẹ́ 300 dọ́là, torí ohun tó kù ni ìtanràn á máa gùn. Orúkọ "United States Treasury" ni ẹ máa kọ sórí sọ̀wédowó, pẹ̀lú nọ́ńbà Social Security yín, ọdún tí owó náà jẹ́ tirẹ̀ àti "Form 1040". Ẹ fi fọ́ọ̀mù 1040-V, ìwé pélébé tó ń bá owó rìn, tì í, ẹ má fi pín-ìnnì gún un pọ̀. Ẹ wo àdírẹ́sì dáadáa: ará Texas tí kò fi owó sí tirẹ̀, Austin ló ń fi ránṣẹ́ sí, tí owó bá wà nínú rẹ̀, Charlotte ni. Ọjọ́ tí pósọ́fíìsì bá lu òǹtẹ̀ ni òfin ń wò, kì í ṣe ọjọ́ tó dé ọ̀dọ̀ IRS. Àmọ́ ìwé tí ẹ jù sínú àpótí lójú títì lè má gba òǹtẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ wọlé lọ bá wọn lórí káúńtà, ẹ fi ránṣẹ́ ní certified mail, kí ẹ sì tọ́jú rìsíìtì yẹn.

Fún gbèsè tó kù, fọ́ọ̀mù 9465 lẹ máa fi tọrọ pé kí ẹ máa san án díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá fi 1040 ránṣẹ́ lásìkò, tó sì ní àdéhùn yìí, ìtanràn àìsanwó rẹ̀ á wálẹ̀ sí ìdajì: 20 dọ́là ẹni àkọ́kọ́ wa á di 10. Bí ọdún mẹ́ta tó ṣáájú bá mọ́ lọ́wọ́ yín, ẹ lè bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fa ìtanràn ti àkọ́kọ́ yìí rẹ́. Wọ́n ń ṣe é.

Ẹni tó ń múra àtidi ọmọ Amẹ́ríkà, ẹ rántí pé N-400, fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń tọrọ rẹ̀, ń béèrè bóyá ẹ jẹ owó orí tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá, àti bóyá ẹ pinnu láti má fi fọ́ọ̀mù owó orí ránṣẹ́ látìgbà tí ẹ ti gba gíríìnkáàdì torí pé ẹ ka ara yín sí ẹni tí kì í gbé Amẹ́ríkà. Ẹni tó jẹ gbèsè á rí ìwé àdéhùn rẹ̀ mú dání. Ẹni tó fẹ́ mú ìyá rẹ̀ wá náà, I-864, fọ́ọ̀mù tó fi ń ṣèlérí pé òun á gbọ́ bùkátà ìyá náà, á béèrè ìwé owó orí ọdún tó kẹ́yìn lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn tó ti jẹ́ kí ọdún bíi mélòó kan kọjá, ẹ ṣì lè fi wọ́n ránṣẹ́, ọdún kọ̀ọ̀kan nínú àpòòwé tirẹ̀. Bó bá wá jẹ́ pé ìjọba ló jẹ yín ní ọ̀kan nínú àwọn ọdún yẹn, ẹ tètè ṣe é: ọdún mẹ́ta ni wọ́n fún yín láti béèrè owó yín.