Irọ́ ni pé ọmọ tó bá fi kọ̀ǹpútà ṣe maths ò mọ maths

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa ń gbọ́ ṣáá ní Ẹ̀pẹ́ níbí, àwọn òbí ń sọ ọ́, àwọn olùkọ́ àgbà ń sọ ọ́, kódà àwọn ọmọ yunifásítì fúnra wọn náà ti gbà á gbọ́: pé ẹni tó bá fi kọ̀ǹpútà ṣe maths, òun kọ́ ló mọ̀ ọ́n, kọ̀ǹpútà ló mọ̀ ọ́n. Wọ́n á ní ẹ gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ fún un ní bírò àti ìwé, ká wò ó. Torí ẹ̀ ni kíláàsì mathematical modelling ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ tó sì máa ń parí sórí bọ́ọ̀dù níbi púpọ̀, olùkọ́ á kọ equation, ọmọ á dà á kọ, á kó o sórí, á lọ dà á sílẹ̀ nínú ìdánwò, ó tán. Mi ò fara mọ́ ọn rárá, ó sì ń dùn mí, torí àwọn ọmọ wa ló ń jìyà ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tá à ń sọ ná. Modelling ni pé kó o mú nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀ láyé, bí àìsàn ṣe ń ràn, bí àgbàrá ṣe ń ya wọlé, bí ẹja ṣe ń pọ̀ tó tún ń wọ́n nínú ọ̀sà, kó o sọ ọ́ di equation, kó o yanjú equation yẹn, kó o wá padà wò ó bóyá ohun tó sọ bá ohun tójú rí mu. Iṣẹ́ àárín yẹn nìkan là ń gbé fún kọ̀ǹpútà. Ti ìbẹ̀rẹ̀ àti ti ìparí, orí ọmọ náà ló ń ṣe é. Ẹni tó gbé ọbẹ̀ ka gáàsì, ṣé ẹ ti gbọ́ kí wọ́n sọ pé gáàsì ló se ọbẹ̀ yẹn?

Ẹ mú koríko orí omi yìí, water hyacinth, èyí tó máa ń yọ òdòdó àlùkò. Gbogbo ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ ojú omi láti Ẹ̀pẹ́ mọ̀ ọ́n, ó máa ń wé mọ́ ẹ́ńjìnì, á bo ojú omi pátápátá débi pé apẹja ò ní rí ibi da àwọ̀n sí. Kì í ṣe ọmọ onílé bíi ojú oró àti òṣíbàtà o, Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá, ọdún 1984 ni wọ́n sì kọ́kọ́ rí i nílẹ̀ wa, lọ́hùn-ún ní Badagry, ó gba ojú omi Porto Novo wọlé, kò sì pẹ́ tó fi tàn káàkiri ọ̀sà wa. Tí omi bá bá a lára mu, ó lè di ìlọ́po méjì láàárín ọ̀sẹ̀ méjì péré.

Ó dáa, ká gbé e fún ọmọ 300 level. Ká ní igun ọ̀sà kan wà tó fẹ̀ tó hẹ́kítà 100, koríko yìí ti bo 10 níbẹ̀, ó ku ọjọ́ mélòó kó tó bo gbogbo ẹ̀? Ohun àkọ́kọ́, bírò àti ìwé ló máa fi ṣe é, kò sẹ́ni tó gba bírò lọ́wọ́ ẹ̀: tó bá jẹ́ pé ọjọ́ 14 ló fi ń di ìlọ́po méjì, á pín 0.693 (ìyẹn natural log ti 2, torí ìlọ́po méjì) sí ọ̀nà 14, ìyẹn fún un ní nǹkan bíi 0.05 lójúmọ́. Àmọ́ koríko ò lè máa di ìlọ́po méjì títí láé, àyè máa tán, nítorí náà bó ṣe ń sún mọ́ 100 yẹn ni ìdàgbàsókè ẹ̀ gbọ́dọ̀ máa rọlẹ̀. Ará Belgium kan, Pierre Verhulst, ti kọ equation tó ṣe bẹ́ẹ̀ látọdún 1838, òun ni wọ́n ń pè ní logistic: ohun tó ń lé lójúmọ́ ni 0.05 lọ́nà iye koríko tó wà, lọ́nà ìdá àyè tó ṣẹ́ kù.

Ibi tó wá ń dùn nìyí. Ọmọ tó mọ omi á bi ẹ́ pé, ẹ jọ̀ọ́ sà, 0.05 yìí, ṣé jálẹ̀ ọdún ni? Rárá o. Koríko yìí ò fẹ́ràn iyọ̀. Nígbà ẹ̀rùn tí omi òjò ti fà, omi òkun máa ń gba ẹnu Èkó wọ inú ọ̀sà, iyọ̀ á pọ̀ níbẹ̀, koríko á máa kú, tí òjò bá tún ti dé tí omi dídùn ti padà, koríko á tún gbérí. Ṣùgbọ́n ọ̀sà ti Ẹ̀pẹ́ jìnnà sí ẹnu òkun, omi ẹ̀ ò níyọ̀ tó ti Èkó, nítorí náà nọ́ńbà tó bá ọ̀sà Èkó mu nígbà ẹ̀rùn lè máà bá tiwa mu. Ọmọ náà ló máa pinnu gbogbo ìyẹn, òun ló máa mọ oṣù tí nọ́ńbà yẹn máa lọ sísàlẹ̀ òdo, òun ló sì máa sọ ìdí ẹ̀. Kó o wá fi kún un pé ọkọ̀ kan ń wá kó koríko kúrò lóṣooṣù, lóṣù kan á kó púpọ̀, lóṣù míì ẹ́ńjìnì á bàjẹ́, fọ́múlà orí bọ́ọ̀dù ò lè ràn án lọ́wọ́ mọ́. Tó bá jẹ́ bírò nìkan lẹ fún un, ibẹ̀ ló máa dúró sí, á padà sí equation tó rọrùn tí ò jọ ọ̀sà kankan láyé yìí.

Kọ̀ǹpútà ò dúró síbẹ̀. Leonhard Euler, ọ̀gá onímọ̀ maths kan, ti ṣàlàyé ọgbọ́n tó ń lò látọdún 1768: mú iye tòní, fi ohun tó máa lé lórí ẹ̀ títí dọ̀la kún un, o ti ní tọ̀la nìyẹn, tún bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀la. Òpó mẹ́ta lórí Excel ti tó. Tí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan (step, ìyẹn àkókò tó fò lẹ́ẹ̀kan) bá jẹ́ ọjọ́ kan, koríko wa tó jẹ́ hẹ́kítà 10 máa di nǹkan bíi 69 tó bá di ọgọ́ta ọjọ́, á wá máa rọra sún mọ́ 100. Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ kí ọmọ tó ń kánjú fi ọjọ́ 60 ṣe ẹsẹ̀ kan, torí kò fẹ́ kí ìlà pọ̀. Ohun tí kọ̀ǹpútà máa kọ fún un rèé: 10, 37, 107, 85, 124, 36. Hẹ́kítà 124 nínú omi tó jẹ́ 100! Kọ̀ǹpútà ò ní pariwo o, kò ní sọ pé àṣìṣe ni, á ya gíráàfù tó rẹwà, á fi àwọ̀ sí i. Ọmọ tí ò mọ maths á tẹ̀ ẹ́ jáde, á kọ orúkọ sí i, á gbé e sórí tábìlì olùkọ́. Èyí tó mọ̀ ọ́n á dúró, á ní kí ló fà á tó fi ju 100 lọ, á wo ẹsẹ̀ yẹn pé ó ti gùn jù, pé 0.05 lọ́nà 60 jẹ́ 3 àti pé tó bá ti ju 2 lọ irú wàhálà yìí máa ń ṣẹlẹ̀. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Robert May, kọ nípa irú ẹ̀ nínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì Nature lọ́dún 1976, bí equation kékeré báyìí ṣe lè máa ta gìrìgìrì tí ẹnikẹ́ni ò ní lè sọ ibi tó kàn. Ẹ wá sọ fún mi, níbo ni maths ti pọ̀ jù, nínú ìdánwò tí wọ́n há sórí ni àbí níbí?

Ohun míì tí àwọn tó ń sọ̀rọ̀ yìí ò rò ni pé àwọn ọ̀gá fúnra wọn ò lè fi bírò dé òpin. Àwọn onímọ̀ méjì, Kermack àti McKendrick, tí wọ́n kọ equation àjàkálẹ̀ àrùn lọ́dún 1927, èyí tó pín èèyàn sí àwọn tó lè kó àrùn, àwọn tó ní in, àwọn tó ti kúrò nínú ẹ̀, ìdáhùn tó sún mọ́ ọn ni wọ́n lò nígbà tí wọ́n fẹ́ fi wé ti àjàkálẹ̀ àrùn Bombay ní India, torí kò sí fọ́múlà tó rọrùn tó máa sọ ti ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ sì rántí Ebola ọdún 2014, ẹni kan ló gbé e wọ Èkó nínú oṣù July, èèyàn 20 ló mú ní Nàìjíríà lápapọ̀, 8 kú, nígbà tó fi máa di 20 October àjọ WHO ti kéde pé ó ti kúrò nílẹ̀ wa. Èèyàn 20 kéré jù fún equation tó ń yọ̀ geere, ẹni kan tó bá pàdé ẹlòmíì tàbí tí ò pàdé ẹ̀ lè yí gbogbo nǹkan padà, ńṣe lo máa jẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa ju dáìsì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kó tún un ṣe lẹ́gbẹ̀rún ìgbà, kó o wá wo ìgbà mélòó ló tán kíákíá àti ìgbà mélòó ló gba ìlú. Ta ló fẹ́ fi bírò ṣe ìyẹn?

Mo gbọ́ ohun tí wọ́n máa ń sọ lẹ́yìn ìyẹn: kò síná, laptop wọ́n, software wọ́n. MATLAB wọ́n lóòótọ́, àmọ́ Octave àti Python, ọ̀fẹ́ ni, Google Sheets sì ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù tí gbogbo wọn ń gbé kiri. Laptop kan fún èèyàn mẹ́rin ti tó, kódà ó dáa bẹ́ẹ̀ torí wọ́n á máa bára wọn jiyàn.

Èyí tí mo gbà pé òótọ́ ni nínú ẹ̀sùn wọn ni ti ọmọ tó kàn gba kóòdù lọ́wọ́ ọ̀rẹ́, tàbí lọ́wọ́ AI báyìí, tó pa orúkọ dà tó fi sílẹ̀. Ó pọ̀, kò yẹ ká fi bò. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi bá a ṣe ń fúnni ní púrójẹ́ẹ̀tì nìyẹn, torí ìbéèrè kan náà là ń fún èèyàn ọgọ́rùn-ún. Ẹ fún ẹgbẹ́ kan ní Badagry, ẹgbẹ́ kejì ní Ìkòròdú, ẹ̀kẹta ní Ẹ̀jìnrìn, ẹ̀kẹrin ní Ẹ̀pẹ́ níbí, kí kálukú lọ bi àwọn apẹja pé oṣù wo ni koríko ń pọ̀, oṣù wo ló ń kú. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé e wá, ẹ má wulẹ̀ ka kóòdù. Ẹ pe ọ̀kan nínú wọn síwájú, èyí tó ń sá sẹ́yìn gan-an ni kẹ́ ẹ pè, ẹ ní kó sọ bí ẹsẹ̀ tó lò ṣe gùn tó àti ìdí tó fi yàn án, kẹ́ ẹ wá ní kó sọ ẹsẹ̀ yẹn di ìlọ́po mẹ́wàá lójú yín, kó ṣàlàyé ohun tó jáde.