Ọ̀la Wo?

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló sọ fún ilé ìwé àwọn ọmọ wa pé aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni wọ́n ń ránṣẹ́ sí òbí? Alẹ́ Sọ́ńdè, mo ti na ẹ̀yìn, WhatsApp dún: "Ẹ̀yin òbí wa ọ̀wọ́n, kí gbogbo ọmọ mú rósárì, ìgbálẹ̀ méjì àti páálí funfun wá láàárọ̀ ọ̀la."

Ọ̀la wo? Ṣé ọjà Kútọ̀ ń ná lóru ni? A sì jọ wà ní Máàsì láàárọ̀ ọjọ́ náà o!

Mi ò bá rósárì jà. Ọmọ Kátólíìkì wo ni ò mọ̀ pé Oṣù Kẹwàá ni oṣù rẹ̀? Ọdọọdún ni. Ohun tó ń bí mi nínú gan-an nìyẹn.

Mo wọ sálúbàtà, mo lọ kan ilẹ̀kùn ìyá tó ń ta ìwé ládùúgbò. Páálí yẹ́lò nìkan ló kù. Láàárọ̀, tíṣà wo páálí, ó wò mí: "Mọ́mì, funfun la sọ o." Àfi bíi pé èmi ni mo fẹ́ràn yẹ́lò!

Owó ilé ìwé ńkọ́? Háà, ìyẹn kì í pẹ́. Láti Oṣù Kẹjọ ni wọ́n ti ń rán wa létí.