Òfin Texas kì í bá èèyàn dé Maryland o

Láti Sátidé ni inú ti ń bí mi. Ìkómọ ọmọ àbúrò ìyàwó mi la lọ ṣe ní Maryland. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi kan wa mọ́tò láti Houston wá, ìrìn ọjọ́ méjì gbáko. Bá a ṣe ń kó ẹrù sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ní kí n bá àwọn fa báàgì kan jáde lábẹ́ ìjókòó iwájú. Ọwọ́ mi kan irin tútù. Ìbọn ni. Ọta sì wà nínú rẹ̀.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí lèyí?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Texas là ń gbé. Wọn kì í béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ wa."

Òótọ́ ni, ní Texas. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, ẹni tó bá ti pé ọdún 21, tí kò sí ẹ̀sùn tó dè é lọ́wọ́, lè gbé ìbọn kékeré rìn láìgba ìwé kankan. Georgia náà ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2022. Maryland ò sí lára wọn. Ìwé àṣẹ tí ìpínlẹ̀ mìíràn fún èèyàn, wọn ò kà á sí níbẹ̀, áḿbọ̀sì ẹni tí kò gba ìwé rárá. Ká ní iná ẹ̀yìn mọ́tò kan ṣoṣo ló kú, tí ọlọ́pàá sì dá wọn dúró ńkọ́? Green card ni wọ́n ń lò o! Ẹjọ́ ìbọn wà lára ohun tí ìjọba fi ń dá ẹni tó ní green card padà sílé. Iṣẹ́ ogún ọdún, ilé, ọmọ mẹ́ta, abẹ́ ìjókòó mọ́tò ni wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sí.

Ẹ má sọ fún mi pé ẹ̀tọ́ wa ni. Mo ti gbọ́ ọ tó. Ní Texas, ẹni tó wà níbi tó lẹ́tọ̀ọ́ sí, tí kì í ṣe òun ló fa ìjà, tí kò sì rú òfin kankan lọ́wọ́, kò pọn dandan kó sá kó tó gbèjà ara rẹ̀. Ní Maryland, bó bá jẹ́ ìta lo wà, tó o sì rí ọ̀nà sá láìfarapa, òfin ní kó o sá. Ìjà kan náà: níbì kan wàá sùn sílé, níbì kejì wàá máa wá agbẹjọ́rò. Ta ló ń bi ara rẹ̀ léyìí kó tó sanwó ìbọn?

Ẹ rántí Kansas City, ní Missouri, oṣù kẹrin ọdún 2023. Ọmọ ọdún 16, ọmọ àwọn ará Liberia, lọ mú àwọn àbúrò rẹ̀, ó ṣi ilé. Kò ju pé ó tẹ aago ẹnu ọ̀nà lọ. Baba ẹni ọdún 84 yìnbọn lù ú lórí. Ọlọ́run ló yọ ọmọ náà. Baba ní ẹ̀rù ló ba òun. Ṣé àwọn ọmọ tiwa kì í ṣi ilé ni?

Gbogbo èyí ni mo ń rò fún ìyàwó mi nínú ọkọ̀ òfuurufú bá a ṣe ń padà bọ̀. Nọ́ọ̀sì ni, iṣẹ́ alẹ́ ló ń ṣe. Kò dá mi lóhùn títí mo fi sọ̀rọ̀ tán. Ó wá ní lóṣù tó kọjá, ọkùnrin kan tẹ̀ lé òun láti ẹnu ọ̀nà ọsibítù dé ìdí mọ́tò òun ní ìdájí, òun ò sọ fún mi kí ọkàn mi má bàa dàrú. Ó bi mí pé kí ni kóun máa mú dání.

A ti dé Houston látàná. Mi ò tíì rí èsì fún un.