Kì í ṣe kẹ̀kẹ́ arọ ló ń fa ìjàǹbá láàárín èrò

Ọjọ́ kejì Iléyá ni. A kó àwọn ọmọ lọ sí ọgbà ìṣeré kan nílẹ̀ Ìjẹ̀bú wa níbí, èmi, ìyàwó mi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Rọpárọsẹ̀ ti mú ẹ̀gbọ́n mi láti kékeré, kẹ̀kẹ́ oníbátìrì ló fi ń rìn. (Kẹ̀kẹ́ arọ ni gbogbo wa ń pè é. Òun ò fẹ́ràn orúkọ yẹn, "kẹ̀kẹ́ mi" ló ń pè é.) A ti sanwó tán kí ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà tó sọ fún un pé: "Mọ́mì, ẹ má bínú o, kẹ̀kẹ́ yẹn ò lè wọlé. Èrò ti pọ̀ jù nínú, ó lè gbá ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ jẹ́ kí n pọ̀n yín wọlé, àga wà níbẹ̀."

Kò bú u, kò pariwo mọ́ ọn. Ó dá a lójú pé ààbò lòun ń ṣe. Ẹ̀gbọ́n mi ò fèsì. Ó fi ìka méjì yí ọ̀pá ìdarí kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó padà sídìí ọkọ̀, abẹ́ igi ló sì wà títí àwọn ọmọ fi ṣeré tán.

Ohun tí ọmọkùnrin yẹn sọ, ọ̀pọ̀ wa ló gbà á gbọ́. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà àdúgbò, mo ti gbọ́ ọ nínú ẹbí wa: ibi tí èrò bá ti pọ̀, kẹ̀kẹ́ arọ léwu níbẹ̀, kí ẹni tó ń lò ó jókòó sílé kó máa wo tẹlifíṣọ̀n. Kì í ṣe òótọ́, ó sì ti pẹ́ tó ti ń dùn mí.

Ẹ jẹ́ ká wo kẹ̀kẹ́ ọ̀hún fúnra rẹ̀. Èèyàn tó ń fẹsẹ̀ rìn dáadáa máa ń rin nǹkan bíi kìlómítà 5 ní wákàtí kan. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kẹ̀kẹ́ oníbátìrì tí òfin gbà láyè lójú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kò gbọdọ̀ sáré ju máìlì 4 lọ ní wákàtí kan, ìyẹn bíi kìlómítà 6. Lára ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ oníbátìrì, bọ́tìnì roboto kan wà tí wọ́n ya ìjàpá sí apá kan rẹ̀, tí wọ́n ya ehoro sí apá kejì. Tẹ́ ẹ bá yí i sọ́dọ̀ ìjàpá, kò ní yára ju ìyá àgbà tó ń ti ọjà bọ̀ tòun ti igbá lórí. Bí ẹni tó jókòó sí i bá sì ti gbọ́wọ́ kúrò lára ọ̀pá ìdarí, bíréèkì á mú un fúnra rẹ̀. Ẹ dán an wò pẹ̀lú ọ̀kadà.

Òótọ́ ni pé ó wúwo. Tí táyà rẹ̀ bá gun èèyàn lẹ́sẹ̀, á dun onítọ̀hún gan-an. Mi ò ní fi ìyẹn pamọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ Ìjẹ̀bú ni wá. Lọ́jọ́ kẹta Iléyá, a máa ń pé jọ sí Ojúde Ọba, èrò á kún bámúbámú, àwọn régbérégbé á máa jó kọjá nínú aṣọ àǹkóò wọn, àwọn ìdílé balógun á gun ẹṣin wọlé, ìbọn á sì máa dún lákọlákọ. Ẹṣin tó wúwo ju kẹ̀kẹ́ ẹ̀gbọ́n mi lọ fíìfíì ni o. Ẹṣin lè tàpá, ìró ìbọn lè dà á láàmú. Mi ò tíì gbọ́ kí ẹnì kan ní kí ẹṣin jókòó sílé. Ohun tí à ń ṣe ni pé a ó la ọ̀nà fún un, ẹnì kan á di ìjánu rẹ̀ mú, wọ́n á ní káwọn ọmọdé sún sẹ́yìn. A mọ bí wọ́n ṣe ń fún nǹkan láyè láàárín èrò. Ó ti mọ́ wa lára.

Kí ló wá ń pa èèyàn níbi tí èrò bá pọ̀ sí? Ní December 18, 2024, ọmọdé 35 ló kú ní Ìbàdàn níbi ayẹyẹ tí wọ́n torí àwọn ọmọdé ṣe. Kì í ṣe kẹ̀kẹ́ ẹnikẹ́ni ló pa wọ́n. Èrò ló pọ̀ ju àyè lọ. Nínú irú ìjàǹbá bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ tó ń kú kì í ṣe nítorí pé wọ́n tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀: àyà wọn ni èrò ń fún pọ̀ lóòró, tí èémí ò fi ní rí ọ̀nà wọlé. Ibi tó bá ti há débi pé kẹ̀kẹ́ tí kò fẹ̀ tó ilẹ̀kùn yàrá ò lè kọjá, ọmọ ọdún mẹ́fà tó ń fẹsẹ̀ rìn ò yẹ kó wà níbẹ̀. Ẹ dín èrò kù.

Ọ̀rọ̀ pípọ̀n yẹn ló burú jù. Tí ẹni tó pọ̀n ọ́n bá fi ẹsẹ̀ kọ, àwọn méjèèjì ló ṣubú yẹn. Tó bá sì gbé e gúnlẹ̀ sórí àga oníke, ibẹ̀ ló di sí. Bó bá fẹ́ tọ̀, á máa wojú ẹni tó máa gbé e. Bí iná bá ṣẹ́ yọ, tí gbogbo èèyàn ń sá, kí ló máa fi sá? Ẹ ti gba ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu géètì. Àga lásán ò sì lè rọ́pò kẹ̀kẹ́ tí wọ́n wọ̀n mọ́ni lára. Ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n mi wọ́, ibi ìfẹ̀yìntì kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ló gbé e dúró. Ẹni tí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ bá ti fara pa, tí kì í mọ nǹkan lára láti ìbàdí lọ sísàlẹ̀, ìjókòó líle lè dá egbò sí i lára kó tó mọ̀.

Ẹ wo àwọn ọgbà ìṣeré ńlá ilẹ̀ Amẹ́ríkà: Disneyland ti wà ní California láti 1955, Disney World ti wà ní Florida láti 1971, èrò sì máa ń kún ibẹ̀ fọ́fọ́ lásìkò ìsinmi. Àlejò ń gun kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ wọlé, ì báà jẹ́ aláfọwọ́yí, ì báà jẹ́ oníbátìrì. Ẹni tí kò mú tirẹ̀ wá lè háyà. Ìwọ̀n ni wọ́n fi lélẹ̀: kó má fẹ̀ ju ínǹṣì 36, kó má gùn ju 52. Wọ́n kọ Segway, kẹ̀kẹ́ oníbátìrì onítáyà méjì tí èèyàn ń dúró lórí rẹ̀, ọ̀rọ̀ sì di ti ilé ẹjọ́. Ní 2012, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kan sọ pé wọ́n lè kọ̀ ọ́ tí wọ́n bá lè fi hàn pé ó léwu lóòótọ́ nínú ọgbà wọn. Òfin tó wà ńlẹ̀ lọ́hùn-ún ni pé ewu tó wà ní ti gidi ni kí wọ́n wò, kì í ṣe ohun tí èèyàn kàn rò nípa aláàbọ̀ ara. Ohun tí ọmọ ẹnu ọ̀nà yẹn ò ṣe nìyẹn. Kò wọn kẹ̀kẹ́, kò béèrè bó ṣe ń sáré tó.

Tiwa náà lófin. Wọ́n buwọ́ lù ú ní January 2019: ẹni tó bá ya aláàbọ̀ ara sọ́tọ̀ lè san ₦100,000 tàbí kó lọ ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, iléeṣẹ́ á san mílíọ̀nù kan náírà. Ọdún márùn-ún tí wọ́n fún àwọn ibi tí ará ìlú ń lò láti tún ẹnu ọ̀nà wọn ṣe sì ti pé láti January 2024.

Àwọn kan á tún ní, "Mo rí i tó dìde, ó ń díbọ́n ni." Ọ̀pọ̀ ló lè gbé ẹsẹ̀ mẹ́wàá tí kò lè gbé igba. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀.

Iléyá tó ń bọ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ wo ibi tó há, ẹ mú ẹnì kan kó máa sọ pé "ẹ yà, ẹ yà" níwájú, ẹ sì ní kí ẹni tó jókòó sí kẹ̀kẹ́ yí bọ́tìnì sọ́dọ̀ ìjàpá. Ẹ má yí kẹ̀kẹ́ sí ipò tí wọ́n fi ń tì í, torí bíréèkì kì í mú níbẹ̀. Ẹ wá bi í léèrè pé: "Ẹ̀gbọ́n, ibo lẹ fẹ́ gbà?"