"Onílé ti ṣe adójútòfò": ọ̀rọ̀ tí kò lè gba bíríkìlà Ìkòròdú sílẹ̀

Láti Sábó dé Ìjẹ̀dẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ bíríkìlà tó ń gbaṣẹ́ ilé máa ń sọ nìyí tí ẹnikẹ́ni bá ti dárúkọ adójútòfò, ìyẹn ìnṣọ́ránsì: "Onílé ti ṣe tiẹ̀, kí ló kàn mí níbẹ̀?" Irọ́ ni o. Adójútòfò onílé gan-an lè di ohun tí wọ́n máa fi mú yín.

Òfin adójútòfò ọdún 2003 ló gbin èrò yìí. Ó ní ẹni tó bá ń kọ́ ilé tó ju àjà méjì lọ gbọ́dọ̀ ṣe adójútòfò nítorí ìpalára tí àìbìkítà òun tàbí ti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ lè fà. Wọ́n ti fi òfin mìíràn rọ́pò rẹ̀ ní 2025, àmọ́ ohun tí àwọn èèyàn dì mú ni pé ẹrù onílé ni. Òótọ́ ni. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé òun ni ìwé adójútòfò náà ń dáàbò bò.

Ká ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan lẹ̀ ń kọ́ ní Igbógbo. Ọmọọṣẹ́ yín yọ ọparun abẹ́ dẹ́kìn kí kọnkéré tó le dáadáa. Dẹ́kìn já, ó fọ́ mọ́tò aládùúgbò. Aládùúgbò mú onílé, iléeṣẹ́ adójútòfò sì sanwó mọ́tò. Ẹ máa rò pé ó parí. Kò tíì parí! Bí wọ́n bá ti sanwó tán, wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti bọ́ sípò onílé, kí wọ́n wá gba owó wọn padà lọ́wọ́ ẹni tó fa ọ̀ràn náà. Ẹ̀yin nìyẹn. Dẹ́kìn tó já ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ìwé adójútòfò kì í sanwó àtúnṣe iṣẹ́ tí wọn kò ṣe dáadáa, torí náà ẹ̀yin náà lẹ máa tún un dà.

Ohun tó lè yọ yín ni pé kí orúkọ yín wà nínú ìwé náà pẹ̀lú ti onílé. Ẹ ní kó fi ìwé ọ̀hún hàn yín kí ẹ tó gbẹ́ ìpìlẹ̀. Onílé míì á bínú, á ní ẹ fẹ́ mọ àṣírí òun. Ẹ jẹ́ kó bínú. Tí kò bá gbà, ẹ ra tiyín, irú èyí tó ń gbèjà yín bí iṣẹ́ yín bá pa ará ìta lára tàbí ba dúkìá rẹ̀ jẹ́. Iṣẹ́ fẹ́ǹsì kékeré ní Agric gan-an nílò rẹ̀ jù, nítorí ta ló ń ṣe adójútòfò torí fẹ́ǹsì?

Ti àwọn ọmọọṣẹ́ tún yàtọ̀. Òfin ọdún 2010 lórí owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ ní kí agbanisíṣẹ́ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó iṣẹ́ wọn fún NSITF, àjọ ìjọba tó ń bójú tó owó gbà-má-bínú náà. "Lébìrà ojoojúmọ́ ni" kì í ṣe àwíjàre: òfin náà ka ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ àti ẹni tí ẹ fi ẹnu lásán gbà sí òṣìṣẹ́.

Ẹ má sì jẹ́ kí aṣojú iléeṣẹ́ adójútòfò kankan sọ fún yín pé kí ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kí ẹ sanwó tó bá yá. Ní Nàìjíríà, tí owó kò bá tíì wọlé, adójútòfò kò tíì bẹ̀rẹ̀.